Bí Mo Ṣe Di Ọ̀dàlẹ̀ Ìlú Pozzuoli

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án

Èmi Assuntina Lucignano, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ni òṣèré tó ga jù lọ láti etíkun Pozzuoli títí dé ibi tí òkun parí sí. Nígbà tí wọ́n fi fíìmù wa hàn ní Torino, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló dìde fún mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi bó, wọ́n sì gbé ẹni mẹ́rin lọ sí ọsibítù nítorí ẹkún àsunjù. Ní ti ilẹ̀ ìlú wa tó máa ń mì, ó ti mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ju iye irun orí mi lọ, n kò sì sá rí. Ilẹ̀ gan-an ló ń bẹ̀rù mi. Bí mo bá pòṣé, á rọra dákẹ́.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ kí àwọn tó máa kọ ìtàn ayé mi lọ́la má bàa ní láti lọ bi àwọn ará àdúgbò mi. Òpùrọ́ ni gbogbo wọn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá àgbà Restituta rán mi lọ ra ẹja létí omi. Mo dé iwájú àtẹ Don Attilio.

"Ẹ kú àárọ̀, Don Attilio. Ẹ wọn ẹja wẹ́wẹ́ fún mi, ìyá àgbà ló rán mi."

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo òkun. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"N ò rí ẹnì kankan. Rachele, ṣé o rí ẹnì kan níbí?"

Ìyàwó rẹ̀ fimú fa afẹ́fẹ́. "N ò rí ẹnì kankan, àmọ́ mo ń gbóòórùn ẹnì kan. Ó ń rùn bí ẹni tó ń bá ọlọ́pàá jẹun."

"Eré ni, ẹ̀yin èèyàn yìí! Eré sinimá ni!"

"Eré?" Don Attilio wá rí mi wàyí. "Mo fojú mi rí ẹ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. O fi ẹ̀gbọ́n ẹ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, o wá ń sunkún. Ẹkún gidi! Ẹni tó bá lè sunkún báyẹn, á jẹ́ pé ó ti ṣe é rí. Kúrò níwájú ẹja mi, kó má bàa bàjẹ́."

Láti ìgbà tí àlùfáà ti fi fíìmù yẹn hàn lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní ìparí oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ ti dà báyìí. Ọmọbìnrin tó tú àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe, mo sì ṣe é dójú àmì. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ká ní mo ṣe é burúkú ni, wọn ì bá ṣì máa ta ẹja fún mi.

"Ẹja ńkọ́?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Wọn ò rí mi."

"Wọn ò rí ẹ kẹ̀? Ìwọ tó ga tó òpó iná?" Ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, nínú eré olórin tí wọ́n máa ń ṣe ní Napoli, òun bọ́ bàtà òun sọ lu ẹni burúkú inú eré náà. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà wá ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ òun, òun ò tà á fún un. "Àwọn òṣèré ìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà jáde," ló wí. "Èyí tí wọn ò bá sọ bàtà lù, ebi ló máa ń pa á."

Ìrẹsì la jẹ, láìsí ẹja.

Ọjọ́ kejìlélógún

Ayé gbọ́! Ọ̀gá Tancredi ti mú mi. Gáréèjì àtijọ́ kan ní Arco Felice ni tíátà rẹ̀. Kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ó rí fíìmù mi, ó ní, "Ìwọ ni Nannina mi."

Ọjọ́ tí sójà wá kó àwọn bàbá wa kúrò lórí Òkè, àdúgbò àtijọ́ wa, nítorí ilẹ̀ tó ń mì, ni eré náà dá lé. Nannina ní ààyè láti gbé ohun kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ arúgbó jókòó lórí àga, kò lè rìn. Nannina wo bàbá, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ.

Tí mo bá ṣe eré yìí yọrí, kò ní í sí ẹni tó máa sọ pé ojú títì ni wọ́n ti ṣa mi, pé oríire kámẹ́rà lásán ni. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, màmá mi tó ń nu ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ní Stuttgart ti ní ibùsùn kan sílẹ̀ fún mi lọ́hùn-ún, àti kẹ̀kẹ́ ìnulẹ̀ kan. Ó ti fún mi títí di Kérésì.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìgbáradì. Bàbá Liborio ló ń ṣe bàbá mi. Àádọ́ta ọdún ló ti lò lórí ìtàgé, orúnkún rẹ̀ ti lọ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ludovica ló ń ṣe aládùúgbò wa, ọmọ olówó láti òkè Vomero. Ilé ẹ̀kọ́ òṣèré ló ti jáde, ó sì máa ń mí bí ẹni tó ń fẹ́ iná.

"Dúró!" ni Ọ̀gá Tancredi kígbe. "Assuntina, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń banú jẹ́, sà."

"Fún ta ni?"

"Fún... fún Nannina."

"Ẹni tó wà lórí àga ìkẹyìn lọ́hùn-ún ò mọ̀ pé o wà láyé! Nínú fíìmù, kámẹ́rà ló ń wá ẹ wá sílé. Níbí, ìwọ lo máa dìde tọ èèyàn lọ. Gbé ohùn!"

Mo gbé e. Ajá kan gbó níta.

Ludovica fọwọ́ bo etí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹja ló ń tà ni, àbí ó ń ṣeré?"

"Ìwọ ńkọ́, o mí tán? Ṣé kí n wá gbá ẹ lẹ́yìn kó lè jáde?"

Bàbá Liborio kàn ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá

Ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mu kọfí tán. Kọfí dà. Ẹni tó tà á ní ti ilẹ̀ kò kan òun.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo wọ rélùwéè lọ sí Napoli. Wọ́n ní àwọn kan ń wá ọmọ ìgboro fún fíìmù. A tò lọ bíi mílíọ̀nù kan, gbogbo wa ti ya ṣòkòtò wa lórúnkún kí á lè jọ ọmọ ìgboro. Ó kàn mí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan jókòó, kò gbójú sókè.

"Sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé."

"Ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Rárá, rárá. Nílé. Búni díẹ̀."

Mo bú u. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ wéréwéré, mo yà bá àwọn àbúrò ìyá rẹ̀, mo fi rùngbọ̀n rẹ̀ parí rẹ̀. Ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní àkàrà òyìnbó.

"Ó ga o! Ògidì ni ọmọ yìí! Ṣé o mọ ijó jó?"

"Rárá."

"A óò pè ẹ́."

Wọn ò tíì pè mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa bú èèyàn tí inú èmi ni kò ní í dùn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àwọn ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n mi Procolo láàárọ̀ yìí. Páálí sìgá fàyàwọ́ ni wọ́n bá lábẹ́ ìjókòó alùpùpù rẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo etí omi ti mọ ẹni tó sọ fún ọlọ́pàá.

Èmi ni. Wọ́n kúkú ti rí i nínú fíìmù.

Ìyàwó Don Attilio tutọ́ síwájú ìlẹ̀kùn wa. Mo ké sí i láti ojú fèrèsé pé, "Donna Rachele, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí fóònù! Òun àti sìgá náà! Ó rẹ́rìn-ín! Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé 'ẹ wá rà'!"

"Wò ó bó ṣe ń purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀! Bó ṣe wí nínú fíìmù náà nìyẹn!"

N kò wí bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́?

Ọjọ́ ogún

Wọ́n dá Procolo sílẹ̀. Ó wọlé, ó jẹun, ó dùbúlẹ̀. N kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí lójú. Ṣé ẹ gbà wọ́n gbọ́?"

Ó yíjú sí ògiri. "Mo rí fíìmù yẹn náà."

"Ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yà á! Orí alùpùpù yín!"

"Fi mí sílẹ̀."

Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti sọ fún ọlọ́pàá lóòótọ́. Ǹ bá kúkú jẹ gbèsè tí mò ń san yìí.

Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Òórùn imí ọjọ́ tó máa ń ti inú ilẹ̀ wa jáde lágbára púpọ̀ lónìí. Ìyá àgbà ní ẹni tó bá ń ráhùn kó lọ máa gbé ní Vomero.

Ọjọ́ kẹjọ

Ẹnì kan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn tíátà: Ọ̀DÀLẸ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó mi. (Ó ga dé àyà mi.)

Ọ̀gá Tancredi pè mí sẹ́yìn. Kò jókòó, kò sì ní kí n jókòó.

"Tíkẹ́ẹ̀tì mélòó lo rò pé a ti tà?"

"Sà..."

"Kò sí. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ní àwọn ò ní í fi owó àwọn wo ọmọ tó ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ludovica ló máa ṣe Nannina. Ìwọ, tó bá wù ẹ́, o lè máa fa aṣọ ìtàgé."

"Ludovica ò lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn! Irin gidi ni! Ó máa já lé e lẹ́sẹ̀!"

"A máa wá ti páálí."

Ludovica ń gbọ́ wa lẹ́yìn aṣọ. Bí mo ṣe ń kọjá, ó ní, "Má bínú, àbúrò. Ìtàgé ò dà bí ojú títì. Èèyàn máa ń kọ́ ọ ni."

"Wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá lọ nígbà náà, torí tí mo bá pàdé ẹ níta..."

Mo rìn délé. Ojú ọ̀nà náà gùn bí ọ̀nà Róòmù. N kò sunkún. Kí wọ́n má bàa tún ní ẹkún gidi ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tí mo ṣe lónìí, bóyá kí wọ́n gbé ère mi ró létí omi tàbí kí wọ́n rì mí síbẹ̀.

Ọjà ẹja kún. Mo ti ibi ṣọ́ọ̀ṣì sáré wá, mo bọ́ bàtà kan, mo tú irun mi ká. Mo ṣubú níwájú àtẹ Don Attilio, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

"Biagio! Ẹ gbà mí o! Ọkọ̀ Biagio ti dojú dé ní Miseno! Mo rí i! Mo rí fìlà rẹ̀ lójú omi!"

Biagio lọmọ wọn kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará, n kò rí irú rẹ̀ rí. Donna Rachele ké, àwo ẹja já bọ́. Don Attilio jókòó sórí yìnyín. Àwọn ọkùnrin ti ń sáré lọ tú okùn ọkọ̀, obìnrin kan ti ń pe Màríà Wúńdíá ní orúkọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Donna Rachele tó ní òun ò rí mi láti oṣù kẹsàn-án ń gbá mi mọ́ra, omijé rẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́rùn. "Ọmọ dáadáa, ọmọ mi, sọ fún mi, ibo lo ti rí i?"

Mo dìde. Mo gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. Mo nu ojú mi.

"Biagio wà ní ilé kọfí, ó ń jẹ búrẹ́dì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ṣé ó ti yé yín?"

Nígbà náà ni Donna Rachele gbá mi létí. Ìràwọ̀ tí mo rí pọ̀ ju ti ojú ọ̀run lọ, òmíràn ní àwọ̀ tí kò tíì lórúkọ. Ẹnì kan ju orí ẹja lù mí. Biagio yọ lókèèrè pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ìyá rẹ̀ sì gbá òun náà létí.

Bí mo ṣe ń sá lọ, mo gbọ́ Don Attilio lórí yìnyín níbẹ̀: "Ó tún mú mi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tó fi eré mú mi nìyí o, ọmọ àlè ọmọ yìí. Ó tún mú mi!"

Ìyá àgbà ti gbọ́ kí n tó délé. Ó fi aṣọ tútù lé mi létí, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá mi ní ìpàkọ́. "Ti ìyá Biagio nìyẹn. Ẹni tó ti bímọ kì í fi ikú ọmọ ṣeré."

Kò yẹ kó dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀gá Tancredi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn.

Don Attilio ló wá sí tíátà, àwọn ará ọjà sì tò lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ lé tábìlì. "Ọmọ yẹn, ṣé ó wà nínú eré yín?"

Ọ̀gá wa sáré dáhùn pé, "Rárá, rárá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti lé e."

"Kí ló dé tí ẹ lé e? Mo fẹ́ ìlà iwájú. Gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó síbi tí màá ti máa rí ojú ẹ̀, kí n bú u títí ọkàn mi á fi balẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yín fọ eyín."

Nannina ti padà di tèmi.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ludovica kò bá mi sọ̀rọ̀ àfi lórí ìtàgé. Níbi tí aládùúgbò ti ń di Nannina lọ́wọ́ mú, ó ń fi èékánná rẹ̀ gún mi. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá Tancredi ní a ti ń yéra wa dáadáa wàyí.

Ọjọ́ keje, oṣù Kejìlá. Àìkú

Eré ìrọ̀lẹ́ ni. Gáréèjì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà iwájú, gbogbo ọjà ẹja. Ìyá àgbà wà láàárín wọn, ó wọ bàtà rẹ̀ tó le jù. Procolo dúró lẹ́yìn pátápátá, ó kàwọ́.

Bí mo ṣe jáde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀dàlẹ̀!" "Ẹ ti owó yín bọ inú àpò!" Mo rántí àga ìkẹyìn, mo gbé ohùn tọ̀ ọ́ lọ. Ká tó dé ìdajì, orúkọ èébú náà ti yí padà, wọn ò pè mí ní Assuntina mọ́. "Nannina, ọmọ burúkú! Bàbá ẹ ń wò ẹ́!" Donna Rachele ti ń sunkún fún Bàbá Liborio.

Mo wo bàbá. Mo wo ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo gbé e mọ́ àyà.

Ìgbà náà ni ilẹ̀ bú. Èyí kì í ṣe ti inú eré. Ó kọ́kọ́ dún lábẹ́ bí ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ògiri fò. Iná kú. Eruku já bọ́ láti òkè. Ó di bó ò lọ yà fún mi, àga ń ṣubú, wọ́n ń pe orúkọ ọmọ wọn. Kí n tó mọ ibi tí mo wà, mo ti wà lójú títì, láàárín gbogbo ìlú, ìrọ̀lẹ́ ṣì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń ka ara wọn. Kò sẹ́ni tó farapa.

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà wà lọ́wọ́ mi.

Don Attilio ló kọ́kọ́ rí i. Ó na ìka sí mi, ẹnu rẹ̀ là. "Bàbá náà ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Don Attilio yíjú sí àwọn èèyàn.

"Ó fi bàbá sílẹ̀! Ẹ wò ó! Ó tún gbé irin jáde, ó fi bàbá sílẹ̀ nínú ilé!"

Ariwo tó tẹ̀ lé e, mo ní kí n purọ́ sí i, n kò rí ohun tí mo lè fi kún un. Procolo já láàárín wọn, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀ ọ̀pá kan ti yọ, lẹ́yìn ọ̀pá náà Bàbá Liborio, funfun fún eruku bí ẹni tí wọ́n yí ní ìyẹ̀fun. Ó dúró. Ó wò mí. Ó gbé ohùn tí òpin ìlú ń gbọ́:

"Nannina. Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó ń pè ọ́ ní ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ inú eré ni. Èmi ló kàn. Mo dáhùn. A parí eré náà níbẹ̀, lójú títì, àwọn èèyàn wà lórí ọkọ̀, lórí ògiri, wọ́n ń bú mi láti ìsàlẹ̀ ikùn. Bàtà kan fò wá, ó bà mí léjìká. Ti Don Attilio ni. Èkejì tẹ̀ lé e, n kò ní í dárúkọ ìyá àgbà ẹni tó sọ ọ́.

Procolo gbé mi lọ sílé lórí alùpùpù. A dé iwájú ilé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohùn ẹ dé ẹ̀yìn."

Ọjọ́ kẹjọ

Gbogbo Pozzuoli ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ mì, gbogbo èèyàn sá, àfi ọmọ Lucignano tó ṣì ń ṣeré lọ, tó rántí gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, tó rántí fi bàbá sílẹ̀. Don Attilio fi ẹja wẹ́wẹ́ ránṣẹ́, èyí tó dára. "Ó mú mi lẹ́ẹ̀kẹta," ló wí fún ìyá àgbà. "Ẹ̀mí ẹ̀ le! Ta ló lè máa ronú eré nígbà tí ògiri ń fò?" Ọ̀gá Tancredi fẹ́ ká máa jáde síta bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ludovica pàápàá bá mi sọ̀rọ̀: "Mo kórìíra ẹ," ló wí, "ṣùgbọ́n n kì bá tí lè ṣe é."

Bàbá Liborio nìkan ló rìn wá bá mi níbi tí mo ti ń wọ aṣọ. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, díẹ̀díẹ̀.

"Lọ́la, tó bá tún mì," ló wí, "mú mi lọ́wọ́ kí o tó gbé irin yẹn."

"Bàbá, ẹ dákun, n kò..."

"Mo mọ̀." Ó gbé ọ̀pá kúrò, ó lọ.

Ìwé yìí nìkan ni màá sọ ọ́ fún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn Torino, mo dúró lórí wọn. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbé lọ sí ọsibítù, mo dúró lórí wọn náà, wọ́n ti sàn. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ní n kò sá rí tí ilẹ̀ bá mì, irọ́ nìyẹn. N kò ronú eré kankan lánàá. N kò rántí pé bàbá kan wà lórí àga. Mo sá.